Ti Ajá Ni Òkúǹbete

Àlàmísì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, 2025

Awwal ọmọ mi wá láti ìlú lánàá. Ó ní mo ti ń gbàgbé nǹkan, pé mo bi òun léèrè ìyàwó òun lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì nítorí kò dáhùn bí ẹni tó ń sọ òótọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní kí n fi oko sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nítòsí Post Office, kí n máa jókòó sí pálọ̀, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi. Mo ní àgbò Iléyá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwé tí Hidayat ọmọ rẹ̀ kò kọ tán. Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé bíírò. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko yìí, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ títí àgbàdo yóò fi gbó, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró níwájú mi sọ pé Àríkẹ́ ń ṣarán.

Òjò rọ̀ láti Àsùbá títí oòrùn fi mú. Àgbàdo tí mo gbìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àparò àti ikún ti hú u jẹ tán. Ti Zakari tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń hù. Ta ló júwe oko mi fún àparò, tí kò júwe tirẹ̀?

Láti ọdún tí ọkùnrin yìí ti ra ilẹ̀ tó bá tèmi pààlà ni n kò ti sinmi. Pèrègún ààlà ti ṣípò, bí wọ́n tilẹ̀ ní ojú mi ni kò ríran mọ́. Adìyẹ rẹ̀ kò mọ ilé ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe sọ ajá mi ní Ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ké pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí á gbọ́.

Àlàádì, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ sí ọjà Ìpàta. Iṣu ti gbówó lórí, wọ́n ní ti ọdún yìí kò tíì jáde. Ẹ̀wà náà gbówó lórí. Gbogbo nǹkan ló gbówó lórí àfi ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta ọkà, òun ló ń ta oògùn oko. Ó bi mí pé, “Ìyá, ti kòkòrò ni àbí ti ẹyẹ?” Mo ní, “Ti ohunkóhun tó bá fẹ́ jẹ ohun tí mo gbìn.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ tábìlì. Nǹkan inú rẹ̀ dúdú, ó rí bí iyanrìn. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀.

“Ẹ pò ó mọ́ irúgbìn, ẹyẹ ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.”

Mo ní bí kò bá rẹ́ mi jẹ, kó tọ́ ọ wò. Ó rẹ́rìn-ín, kò tọ́ ọ wò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé oògùn gidi ni, mo bá rà á.

Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó pò ó. N kò sọ fún Awwal, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Zakari bá gbọ́, òun náà á lọ rà á. Bí oko méjèèjì bá wá ní oògùn, èwo ni àparò yóò sá fún? Kí wọ́n gbọ́ òórùn tèmi, kí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ jẹun. Òun náà á mọ bó ṣe ń rí.

Mo gbìn ín kí Àlàsárì tó wọlé. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹfà

Wọn kò hú ẹyọ kan. Ẹyọ kan! Àlùhámúdù lílàhì.

Mo rí àparò kan tó kú sórí ebè. Ó sanra. Mo yẹ ọrùn rẹ̀ wò, kò sí ojú ọgbẹ́. Bóyá àwọn ọmọ abà ló fi kànnàkànnà sọ ọ́. Mo jù ú sí Ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi fi ajá ṣọdẹ, òun ló kọ́ wa pé ohun tí a kò bá fi Bìsìmílà dúńbú, ti ajá ni. Ènìyàn kì í jẹ òkúǹbete, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fẹ́ ìfiṣòfò. Ẹ̀yìnkùlé kò ṣẹ́ ìyẹ́ kù.

Àlàrùba, ọjọ́ keje

Itọ́ ń dà lẹ́nu ajá mi bí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n, ó bì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. Mo fi epo pupa rọ ọ́ lọ́fun. Ẹnìkan ti fún ajá mi ní nǹkan jẹ.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹjọ

Ó yè. Ó dìde, ó mu omi, ó sì gbó adìyẹ Zakari. Mo ní kó tún gbó o.

Zakari dúró sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó kí mi láti ibẹ̀.

“Ẹ kú ojúmọ́ o, Ìyá Awwal.”

“Kú ojúmọ́.”

“Mo gbọ́ pé ara ajá yín ò yá.”

“Lẹ́nu ta lo ti gbọ́?”

“Ẹ̀ ń ké pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo abà ló gbọ́.”

“Ó ti yá. Sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀.”

“Èmi ni mo fẹ́ mọ̀, Ìyá.”

Òun ló fẹ́ mọ̀! Ẹni tó yìnbọn ló máa ń lọ wò bóyá ẹran kú.

Àtìní, ọjọ́ kejìlá

Àgbàdo mi ti yọjú, ó tò lọ bí ọmọ ilé kéwú. Àwọn àyè kan ò hù lẹ́bàá pèrègún, n ó fi irúgbìn tí mo pò tó ṣẹ́kù dí i. Òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ooru sì mú.

Mo bá ikún kan àti àparò méjì tó ti kú láàárín ebè. Ẹran ń kú lọ́dún yìí o. Bóyá ooru ni. Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ẹran ló ń gba ara rẹ̀. Mo fún un ní gbogbo rẹ̀.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀yìnkùlé tún ṣubú, eléyìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹyin ojú rẹ̀ súnkì bí orí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ìgbẹ́ ń jáde lára rẹ̀ láìmọ̀. Awwal gbé ìrẹsì wá fún mi, ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá lórí ilẹ̀. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín ni. Ó gbé fóònù rẹ̀.

Dókítà ẹran tó pè, ọmọbìnrin ni, Kàdíját ni ó ń jẹ́. Ó wọ híjáàbù, ó gun máṣìnì fúnra rẹ̀. Mo ní ṣé èyí tó kéré yìí náà ni dókítà? Awwal ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó gún ajá lábẹ́rẹ́. Mo wò ó dáadáa, n kò fẹ́ kó gún un lómi lásán. Kí ó tó di ẹrù rẹ̀ tán, itọ́ náà ti ń dá.

“Mama, kí ló jẹ?”

“Ẹ̀kọ àti ẹja gbígbẹ.”

“Yàtọ̀ sí ti ilé ńkọ́?”

“Ohun tí ajá ń jẹ.”

“Òkúǹbete?”

“Ta ni kó jẹ ẹ́, èmi?”

Awwal rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní, “Mama, ohun tó pa ẹran ìgbẹ́ kì í jáde lára rẹ̀ bó bá kú tán. Bó bá jẹ́ májèlé, ó ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ àrùn, ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aràn wà nínú ìfun. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó kú sójú ọ̀nà, ta ló mọ̀ bóyá dìgbòlugi ló pa á? Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ẹ sin ín.”

Mo ní, “Kí a wá kírun sí àparò lára?”

Ó ní, “Sísin nìkan ti tó, Mama.” Ẹnu rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ló bi mí: “Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn kankan lóko?”

Zakari wà nídìí pèrègún lásìkò yẹn, ó ń ro ibi tí kò sí koríko, etí rẹ̀ nà bí ti ehoro. Bí mo bá sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, mo ti kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Mo ní, “Ọkọ́ àti àdá ni mo fi ń ṣoko. Kò sí oògùn níbí.”

Ó ní, “Á jẹ́ pé ẹnìkan nítòsí ń lò ó.”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ di òótọ́.” Mo sì wo Zakari.

Oògùn tèmi, inú ilẹ̀ ló wà, mọ́ irúgbìn. Ajá mi kì í jẹ àgbàdo tútù. N kò rí ohun tí èyí fi kan èyí. Dókítà yẹn náà fẹ́ máa rọ́nà wá gbowó ni.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo so Ẹ̀yìnkùlé mọ́dìí igi igbá. Ó ń fi ojú bú mi. Mo fi irúgbìn tó ṣẹ́kù dí àwọn àyè tó wà lẹ́bàá pèrègún. Òjò ṣú, kò rọ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ bá Alángùá Àbdùlsàlámì, olórí abà wa, ó wà lórí ẹní rẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n oyè ló wà lórí rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó pe Zakari wá búra pé kì í ṣe òun ló ń fún ajá mi ní májèlé.

“Àríkẹ́, nítorí ajá la fẹ́ gbé Kùránì fún ènìyàn?”

“Kì í ṣe nítorí ajá, Alángùá. Ẹni tó ń fún ajá ẹni ní májèlé lónìí, ìkòkò ọbẹ̀ ẹni ló kàn.”

“Ṣé o rí i ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Mímọ̀ kọ́ ni rírí.”

“Ẹ ò rí Ọlọ́run rí, ẹ sì mọ̀ ọ́n.”

Ó ní àsítágfírúláì. Ó ránṣẹ́ pe Zakari. Zakari dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. “N ó búra, Alángùá. Àmọ́ bí mo bá búra tán, ṣé Ìyá á gbà?”

Mo ní kó kọ́kọ́ búra, ohun tó bá ṣe é lẹ́yìn náà ni n ó gbà gbọ́.

Wọ́n fi sí Àlàádì, lẹ́yìn Àyìlà.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Naimat, ọmọ Zakari, gbé abọ́ kan wá bá mi. Ó ti ń wọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

“Ìyá àgbà, màmá mi ní kí n gbé e fún yín.”

“Kí ni?”

“Àparò! Ọwọ́ lásán la fi mú wọn. Wọn ò lè fò.”

“Àparò tí kò lè fò?”

“Wọ́n kàn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́bàá pèrègún ni. Bàbá mi sáré mú ọ̀bẹ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ṣe Bìsìmílà o, kì í ṣe òkúǹbete.”

“Kí ni màmá rẹ ní kó o sọ?”

Ó ronú díẹ̀. “Wọ́n ní kí ẹ má bínú mọ́.”

Mo dúpẹ́, mo gba abọ́. Irú àti ata rẹ̀ ń ta sánsán, itọ́ ta lẹ́nu mi, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò búra lọ́la, ìyàwó rẹ̀ ń se ọbẹ̀ fún ẹni tó pè é lẹ́jọ́? Ummu-Kulthum tí kò bù fún mi rí láti ìgbà tí mo ti lé adìyẹ rẹ̀? Àparò tí kò lè fò! Ọmọ kékeré ni wọ́n ti kọ́ nírọ́.

N kò tọ́ ọ wò. N kò fún ajá pàápàá. Mo bò ó, mo gbé e sórí àjà. Ẹ̀rí ni. Iwájú Alángùá ni n ó ti ṣí i, kí n ní kí Zakari jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa.

Àtìní, ọjọ́ kọkàndínlógún

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lánàá, mo kírun Àyìlà, mo gbé abọ́ náà lọ sí iwájú ilé Alángùá. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, Kùránì wà lórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Àwọn ará abà ti pé. Awwal náà ti wá láti ìlú pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, ó fẹ́ rọ̀ mí kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó.

A kò rí Zakari. A dúró. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, “Ẹ rí i bí? Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kì í yá síbi ìbúra.” Inú mi dùn. Kí n kọ òótọ́, inú mi dùn gan-an.

Ìgbà náà la gbọ́ ariwo Ummu-Kulthum.

Gbogbo wa sáré, títí dórí èmi. Naimat wà lórí ẹní nínú àgbàlá wọn. Zakari fara ti ògiri, ó ń bì, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Wọ́n ń sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Ẹnìkan ní gìrì ni. Ẹnìkan ní kí wọ́n ké Yásínì. Obìnrin kan ti ń gbé epo pupa bọ̀. Mo sì gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn mi tó ń sọ fún èkejì pé, “Ta ló ní kí wọ́n gbé Kùránì jáde? Ṣé kò ti ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́?” Wọ́n yẹra fún mi díẹ̀. Èmi ni wọ́n ń fura sí.

Mo wo ọmọ náà. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n. Ẹyin ojú rẹ̀ súnkì bí orí abẹ́rẹ́.

Mo ti rí itọ́ yẹn rí. Abọ́ ọbẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó wúwo lójijì. Kò sí ẹni tó ń se májèlé fún ọ̀tá tí yóò bù nínú rẹ̀ fún ọmọ ara rẹ̀. Àparò tí kò lè fò. Ẹ̀bá pèrègún. Ibi tí mo ti fi irúgbìn dí àyè lọ́jọ́ Àlàmísì.

Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀rá náà wà lábẹ́ ẹní mi. Awwal sì dúró níbẹ̀, bó bá gbọ́, ó ti rí ohun tí yóò fi kó mi kúrò lóko. Mo rí gbogbo èyí, ó yára bí mànàmáná. Obìnrin náà ti gbé ife epo sí ọmọ lẹ́nu.

Mo gbá ife náà dànù. Mo ní, “Kì í ṣe gìrì. Oògùn mi ni.”

Alángùá ní, “Kí lo wí?”

“Mo ní oògùn mi ni! Mo pò ó mọ́ àgbàdo. Àparò jẹ ẹ́, àwọn náà jẹ àparò. Ẹ gbé ọmọ sí mọ́tò, ẹ̀ ń wò mí fún kí ni?”

Awwal gbé e. Mo sáré lọ mú ọ̀rá náà, gèlè mi já bọ́ lójú ọ̀nà, n kò padà mú un. Nínú mọ́tò, Awwal pe Dókítà Kàdíját, ó gbé fóònù sí mi létí. Mo ní, “Ọmọ mi, mo purọ́ fún ọ lọ́jọ́ sí.” Ó ní, “Mama, ṣé ọ̀rá náà wà lọ́wọ́ yín? Ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó kí wọn.” Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Ní ọsibítù, dókítà bi wọ́n pé kí lọmọ jẹ. Ummu-Kulthum ń sunkún, ó ní ẹran tí wọ́n dúńbú ni, wọn kì í jẹ òkúǹbete, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Dókítà ti ń kọ nǹkan mìíràn. Mo gbé ọ̀rá náà ka iwájú rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì fò dìde. Wọ́n fún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, wọ́n fún Zakari. Mo ní kí Awwal bá mi béèrè orúkọ rẹ̀, kó sì bi Dókítà Kàdíját lórí fóònù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ajá mi ni.

Ọ̀bẹ dá ẹran ní hàláàlì, kò yọ májèlé lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ronú kàn án nínú gbogbo wa, nítorí Bìsìmílà ti wà níbẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ummu-Kulthum ìdí tí kò fi ṣe òun náà ní nǹkan kan. Ó ní àparò mẹ́ta ni. Ọ̀sán àná ni wọ́n jẹ tiwọn: Naimat jẹ ọ̀kan, Zakari jẹ díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó yọ ìyókù fún Naimat. Ẹ̀kẹta ni tòun. Òun ló wà nínú abọ́ tó gbé fún mi.



Àlàrùba, ọjọ́ kọkànlélógún

Naimat lajú. Ó ní ebi ń pa òun. Àlùhámúdù lílàhì, Àlùhámúdù lílàhì.

Zakari ti padà sílé. Òjò ńlá rọ̀.

Àlàádì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Alángùá pé kó tún pe ìjókòó. Bí mo bá ti fi gbogbo ojú fẹ̀sùn kàn án, gbogbo ojú náà ni n ó fi gbà á padà. N kì í ṣe olè, n kò ní máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Mo dìde, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: Ìpàta, ọ̀rá, ilẹ̀kùn tí mo tì, àparò tí mo fẹ́ kí wọ́n lọ jẹun lóko Zakari, irọ́ tí mo pa fún dókítà. Mo ní, “Zakari, má bínú sí mi.” Ó le lẹ́nu mi bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé egungun mì.

Zakari wolẹ̀ títí. Ó wá ní, “Ìyá, ẹ ò parí orúkọ ajá yín rí.”

“Orúkọ wo?”

“Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Ẹ parí ẹ̀.”

Alángùá ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ ohun tó ń wá. Ọmọ yìí ti ń gbọ́ ọ gbọ́ ọ láti ọdún yìí wá, ó kàn ń dúró dè mí ni.

Mo ní, “Inú ilé laṣeni ń gbé.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

Alángùá bi Zakari pé kí ló fẹ́ kí n ṣe fún òun. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, kí Ìyá sáà máa sọ fún òun bó bá tún fẹ́ gbin ikú. Ìyẹn dùn mí ju owó ìtanràn lọ.

Lẹ́yìn náà, Dókítà Kàdíját wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Èmi, òun àti Zakari rìn yí gbogbo oko ká, a ń ṣa ẹran tó kú. A rí ikún, a rí àparò, a rí òkété kan. Ní ìpẹ̀kun oko la ti rí àwòdì tó na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òkú àparò ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sí ẹni tó ju òkú sí àwòdì ní tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá a. A hú irúgbìn ẹ̀bá pèrègún, a kó gbogbo rẹ̀ sínú kòtò tó jìn dé àyà Zakari. A bò ó tán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kírun sí i lára lóòótọ́.

Awwal kò sọ̀rọ̀ pálọ̀ rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tó ń wọ mọ́tò ni mo gbọ́ tí Zakari ń sọ fún un pé, “Bí ẹ bá mú Ìyá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ mi?” Awwal rẹ́rìn-ín. Ó ní a ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìkórè.

Ìkórè ṣì jìnnà.

Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Iléyá di ọ̀la. Mo gba ààwẹ̀ Àráfà. Wọ́n ní àgbò ti kọjá agbára lọ́jà, Awwal ní a ó pín màlúù.

Ẹ̀yìnkùlé ṣì wà lórí okùn. Ó ti ń sanra. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó fún un ní oògùn aràn. Aràn tó jáde lára rẹ̀, n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ọmọdé. Bàbá mi mọ ajá, ṣùgbọ́n kò mọ gbogbo nǹkan.

Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Màgàríbà, Naimat dé pẹ̀lú abọ́. Ó rù díẹ̀. Ó gba ọ̀nà ńlá wá, kò gba ẹ̀bá pèrègún.

“Ìyá àgbà, ìṣínu yín rèé. Ẹran màlúù ni, láti Ìpàta.”

“O ṣé. Kí màmá rẹ náà.”

Kò lọ. “Wọ́n ní kí n dúró títí ẹ ó fi jẹ ẹ́.”

Mo wò ó. Òun náà wò mí. Ummu-Kulthum gbọ́n o, kò sọ̀rọ̀ kan nípa abọ́ tí mo gbé lọ síwájú Alángùá, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Mo ṣe Bìsìmílà, mo jẹ ẹ́ lójú ọmọ náà títí ó fi kan ìdí abọ́. Mo ní kó sọ fún màmá rẹ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ti hù tán.

Ajá ti dìde lórí okùn, ó ń wo egungun tó kù lọ́wọ́ mi. Mo fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ sára egungun náà kí n tó jù ú sí i. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí mo bá kọ́kọ́ fi ẹnu mi kàn ni yóò máa jẹ.